Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé

Nítòsí Woodstock, Ontario, Kánádà
12 Oṣù Kejì, 1995

Rinse, àbúrò mi,

Mo kí ẹ. Mo kí Mem, màmá wa, bá mi bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń wú lásìkò òtútù yìí. Gosse ọkọ mi kí ẹ, àwọn ọmọ náà kí ẹ. Ìkíni tán o, torí inú ń bí mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Gosse wà nínú ilé màlúù láàárọ̀, à ń fún wàrà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lára ògiri bó ṣe máa ń ṣe. Ni ọkùnrin inú rẹ̀ bá ní orin ijó kan ti dé láti ilẹ̀ Netherlands, pé gbogbo Yúróòpù ló ń jó o, pé Dinamo Lux ni orúkọ ẹgbẹ́ tó kọ ọ́. Mo fò sókè. Mo pariwo fún Gosse pé, "Ẹgbẹ́ Rinse wa nìyẹn! Rinse wa wà ní rédíò Kánádà!" Mo mú ohùn rẹ̀ ròkè kí àwọn màlúù pàápàá lè gbọ́.

Ìlù bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà nínú ẹgbẹ́ yín wá ń tú u jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin gàgàrà kan, ó ní ilẹ̀ bàbá òun ti há jù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju pápá lọ. Ó ń wá ibi tí koríko ti ga ju orí lọ, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí yóò gbé ife dání, tí yóò máa tọrọ wàrà lọ́wọ́ àwọn tó fi sílẹ̀. Mo pa rédíò náà kó tó débi kankan. Mo fi ìbínú fa ọmú màlúù tí mo ń fún débi pé ó ta mí nípàá, mi ò sì bá a wí.

Rinse, ṣé orí rẹ pé báyìí? Ewì tí Heit, bàbá tó bí wa, kọ fún mi lálẹ́ ọdún Sinterklaas, arúgbó tó ń pín ẹ̀bùn lóṣù Kejìlá, ní 1989, lo gbé fún ọkùnrin oníṣòkòtò fàdákà kó máa fi pariwo nílé ijó? Ṣé o ò mọ òfin ilé wa ni? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí ẹnu ò lè sọ láti ọdún dé ọdún, ìwé ló ń bá a sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún ni yóò kà á sókè kó tó tú ẹ̀bùn rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ yóò ṣe bí ẹni pé Sinterklaas ló kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú, ọ̀rọ̀ náà ò sì gbọdọ̀ jáde nínú ilé. Inú ilé, Rinse! Kì í ṣe Jámánì, kì í ṣe Ítálì, kì í ṣe ilé màlúù tèmi láàárọ̀ kùtù.

Mo ti rú òfin náà lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀. Mo bínú. Mo ju ìwé sílẹ̀ láì kà á parí, mo jáde. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n bú, mo lẹ́tọ̀ọ́. Ìwọ ńkọ́, kí ni mo fi ṣe ẹ́?

Ẹ yọ orin náà kúrò nílẹ̀. Mi ò mọ bí ẹ ó ṣe ṣe é. Mo ń retí èsì rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Baukje


Aldewier, Friesland, Netherlands
1 Oṣù Kẹta, 1995

Ẹ̀gbọ́n mi Baukje,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ màlúù. Ẹ bá mi kí Gosse, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Mem wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń wú, ó ní kí n sọ fún yín pé tòsì ti lọlẹ̀. Hinke aládùúgbò wa kí yín. Mo fara balẹ̀ kí yín dáadáa torí pé tiyín ò dà bí ìkíni rárá, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń nu bàtà rẹ̀ kó tó fi ta ìlẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Heit ni. Ìwé tí ẹ jù sílẹ̀, èmi ni mo he é lábẹ́ tábìlì nígbà tí gbogbo yín ń pariwo. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìlù, mi ò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Odidi orin kan ni mo kọ, gbogbo ohun tí ẹ rí mú nínú rẹ̀ ni pé mo kó ìtìjú bá yín. Kò burú.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ òfin ilé. Òfin wo ló ní kí ọmọ má wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, àwọn aládùúgbò gbé Heit gba ẹnu ọ̀nà iwájú, èmi nìkan lọmọ tó tẹ̀lé e. Gbogbo abúlé ló ń wo ẹ̀yìn mi bóyá wọ́n á rí ẹlòmíràn. Bí mo ṣe ń bá wọn bọwọ́ ni wọ́n ń bi mí pé, "Baukje ńkọ́?" Mo ní àwọn màlúù yín ń bímọ. Irọ́ ni mo pa, nítorí yín, níwájú òkú Heit.

Ẹ̀yin sì ń sọ̀rọ̀ ilé màlúù tiyín. Tiwa ńkọ́? Ẹ̀yin àti Gosse ni Heit fẹ́ gbé oko lé lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ lọ, èmi tí mi ò fẹ́ràn màlúù rí ni mo ń jí fún wàrà títí Heit fi kú. Nígbà tí a tà wọ́n tán ni mo gbé ẹ̀rọ orin mi wọ ilé àwọn ọmọ màlúù. Inú òórùn wọn ni mo ti ṣe orin tó ń bí yín nínú.

Mem máa pé àádọ́rin ọdún lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́: "Sọ fún un pé mi ò fẹ́ òdòdó, mi ò fẹ́ káàdì, ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí." Mo ti kọ ọ́.

Àbúrò yín,
Rinse


Nítòsí Woodstock
14 Oṣù Kẹta, 1995

Rinse,

Mo kí ẹ, mo kí Mem. Ó tó.

O ní mi ò wá síbi ìsìnkú Heit. Ó dára, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ. Ṣé o rántí ìlà tí mo kà kẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Èmi ò gbàgbé. "Ẹni tó bá ń lọ, kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú, ká lè mọ̀ pé òkú là ń gbé jáde." Ibẹ̀ ni mo ti ju ìwé náà sílẹ̀.

O mọ ẹnu ọ̀nà yẹn. Láyé wa, ta la rí tó gba ibẹ̀ kọjá? Ìyàwó àti òkú ni. Àwa, àlejò, pásítọ̀, afìwéránṣẹ́, gbogbo wa ẹ̀yìnkùlé là ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ tí a ń lọ, tí mọ́tò ti dúró níta tí Gosse ti kó ẹrù sí i, mo sọ fún ara mi pé ohun tí ó fẹ́ gan-an ni n óò ṣe fún un. Mo gbé àpótí mi gba àárín pálọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà iwájú. Ṣé o mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé yóò dá mi dúró. Mo rò pé yóò ní, "Baukje, má ṣe wèrè, gba ẹ̀yìn." Heit dìde lórí àga. Ó wá ṣí ìlẹ̀kùn náà fún mi. Ó fi èjìká tì í torí pé ó ti le koko, ó dúró tí mo fi jáde, ó sì pa á dé mọ́ mi lẹ́yìn. Kò sọ̀rọ̀ kankan.

Èmi tí wọ́n ti gbé òkú mi jáde nílé yẹn, báwo ni n óò ṣe wá sin ẹlòmíràn níbẹ̀? Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè mí padà, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

O wá ní kí n wá jókòó lọ́jọ́ ìbí Mem, láàárín ẹbí tó tẹ́ àga yíká, kí gbogbo wọn máa bá ara wọn bọwọ́ pé ẹ kú oríire, kí wọ́n máa wò mí láti etí ife kọfí wọn pé obìnrin inú orin nìyẹn? Mi ò wá. Níwọ̀n ìgbà tí orin yẹn bá ṣì wà láyé, mi ò ní í fẹsẹ̀ tẹ Aldewier. Sọ fún Mem pé ìwọ lo lé mi.

Baukje


Aldewier
10 Oṣù Kẹrin, 1995

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dákẹ́ torí mo ní kí inú mi rọ̀ ná. Kò rọ̀. Lánàá, mo pè yín lórí fóònù, ẹ gbọ́ ohùn mi, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Nítorí náà, inú ìwé la ó ti máa bá ara wa jà.

Ẹ ní kí n sọ fún Mem, mo sọ fún un. Ó ń ro ọbẹ̀ ẹ̀wà lórí iná. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Ta ló lé ta?" Mo ní èmi ni mo lé yín. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ tí o ò lè lé adìyẹ kúrò nínú ọgbà?" Ó pa iná, ó jókòó, kò sì jẹun. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn?

Ẹ gbọ́ tèmi náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé wa sórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi fúnra mi wọ ṣòkòtò fàdákà, mo dúró lẹ́yìn pátápátá, mò ń tẹ dùùrù tí wọn ò so mọ́ iná, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbẹ̀. Hinke wá bá Mem wò ó. Nígbà tí mo délé, Hinke ní, "Rinse, o ò tẹ nǹkan kan. Mo wo ọwọ́ rẹ, ó dà bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun." Mem ní, "Fi í sílẹ̀ jàre, ó rẹwà. Ká ní bàbá rẹ̀ wà láyé, ìta gbangba ni ì bá ti bọ́ ṣòkòtò yẹn lára rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín Mem látìgbà tí Heit ti lọ nìyẹn. Orin tí ẹ ní kí n pa ló fà á.

Mi ò ní í pa á. Kì í ṣe orin tiyín nìkan. Heit, Heit lẹ ń pariwo, bí ẹni pé òun nìkan ló gbé inú ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ tiẹ̀ jẹ́ kó dé ibi tí Mirella, ọmọbìnrin tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ wa, ti gbóhùn sókè? Àbí bí ẹ ṣe ju ìwé ìjọ́sí lẹ ṣe pa rédíò?

A ó tẹ́ àga yín mọ́ àwọn àga yòókù lọ́jọ́ ìbí Mem. Bí ẹ ò bá wá, kí gbogbo wọn máa wo àga.

Rinse


Nítòsí Woodstock
2 Oṣù Karùn-ún, 1995

Rinse, àbúrò mi,

Ẹ kú ilé o, ìwọ àti Mem. Mi ò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé, gbogbo àwa ará ilé tó wà lágbègbè yìí pé sí gbọ̀ngàn fún Ọjọ́ Ọbabìnrin ilẹ̀ Netherlands. Gbogbo wa wọ aláwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ìdílé ọba ibẹ̀. Mo gbé àwo kéèkì dání, mò ń pín in, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ gbé orin yẹn sí i. Mo fẹ́ sá jáde, àmọ́ èrò dí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ mi méjèèjì ò sì ṣófo. Mo dúró. Mo gbọ́ èébú mi látòkè délẹ̀. Ìlù wá rọlẹ̀, ọmọbìnrin yẹn sì gbóhùn sókè. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa nínú ara mi:

Gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, má kanlẹ̀kùn,
Kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀, a ò tì í rí.
Bí bàtà rẹ bá dọ̀tí, gbé e wọlé bẹ́ẹ̀,
A ò tíì yé pe orúkọ rẹ.

Rinse, mi ò pín kéèkì mọ́. Àwọn ọmọ tí a bí síbí ń fò sókè, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń jó. Àmọ́ àwọn àgbà dúró. Bàbá Tseard, tó ti kúrò ní Friesland kí wọ́n tó bí mi, bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ta ló kọ èyí? Ará ilé wa kan ló kọ èyí. Ta ni nínú àwọn ará Kánádà yìí tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn?" Mo ní, "Bàbá mi ni." Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀ pé mò ń sunkún sórí kéèkì.

Nísàlẹ̀ ìwé yẹn ló wà nígbà náà! Ohun tí mi ò dúró kà nìyẹn! Bóyá Heit rò pé mo ti padà wá kà á. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ṣí ìlẹ̀kùn tí kò sọ̀rọ̀. Láti ọdún márùn-ún ni mo ti ń bá bàbá mi jà nínú ilé màlúù, kò sì jẹ̀bi.

Inú ṣì ń bí mi sí ẹ o, má ṣàṣìṣe. O pa ìwé yẹn mọ́, o sì mọ àdírẹ́sì mi. O fi kọrin fún gbogbo ayé kí o tó rántí ẹni tó ni ín. Fi ìwé Heit ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti sọ fún Gosse pé mò ń bọ̀ wá síbi ọjọ́ ìbí Mem. Ibojì Heit ni mo máa kọ́kọ́ lọ, kí n bẹ̀ ẹ́, kí n tó jẹ ohunkóhun nílé yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Baukje


Aldewier
16 Oṣù Karùn-ún, 1995

Ẹ̀gbọ́n mi Baukje,

Mo kí yín. Mem ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, ó ti ń fọ aṣọ fèrèsé. Ó ka lẹ́tà yín, ó wò mí, ó ní, "Má sọ fún un, Rinse. Jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ná." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbìyànjú láti dákẹ́. Mi ò lè ṣe é, torí bí mo bá dákẹ́, ẹ̀gbẹ́ mi lẹ máa gbà kọjá lọ sí ibojì.

Nísàlẹ̀ ìlà tí ẹ kà kẹ́yìn, kò sí nǹkan kan. Sinterklaas fọwọ́ sí i, ó parí. Ẹ kà á tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Heit ò fi ìlà kan kún un, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ nípa yín títí ó fi kú. Èmi ni mo kọ ohun tí Mirella ń kọ. Èmi, Rinse. Inú ilé àwọn ọmọ màlúù ni mo ti kọ ọ́, lẹ́yìn ìsìnkú tí ẹ ò wá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Mem gbọ́ ọ tó ní, "Heit ò lè sọ báyìí láéláé. Ìwọ ni." Ẹ̀yin ò tiẹ̀ rò ó rárá pé ó lè jẹ́ èmi.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ẹ bú Heit, ẹ sunkún Heit, ẹ tún fẹ́ wá bẹ Heit. Èmi ńkọ́? Ẹ ní kò sẹ́ni tó pè yín padà. Orin yẹn ni mo fi pè yín! Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé yìí láì fi orúkọ ẹlòmíràn bojú, mo bá fi ìlù bò ó.

Ẹ ò mọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ tí ẹ lọ, ẹ ò sì béèrè rí. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo wà. Mo ti pọ́n bàtà onírin tí ẹ fi ń yọ̀ lórí omi dídì, mo ní ẹ máa nílò rẹ̀ ní Kánádà. Mo fẹ́ gbé e lé yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ń jáde, torí ibẹ̀ la máa ń gbà. Ta ni ì bá rò pé ẹ máa gba ibòmíràn? Mo dúró síbẹ̀ títí mo fi gbọ́ ìró mọ́tò níwájú ilé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà. Ẹ ò sọ pé ó dàbọ̀ fún mi. Gbogbo lẹ́tà yín láti ìgbà náà, Mem lẹ ń béèrè, ẹsẹ̀ Mem, màlúù, òjò. Kò sí èyí tí ẹ ti bi mí pé, "Rinse, báwo ni ìwọ?"

Ẹ ti mọ̀ báyìí. Bí ẹ ò bá fẹ́ wá mọ́, ẹ kọ ọ́ sí Mem fúnra yín. Mi ò jíṣẹ́ yín mọ́.

Rinse


Nítòsí Woodstock
29 Oṣù Karùn-ún, 1995

Rinse,

Báwo ni ìwọ?

Orí ìdúró ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, lẹ́bàá àpótí lẹ́tà. Mo sọ ọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Mo tún he é. Gosse rí mi, ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní, "Heit." Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

Heit ò sọ ọ́, Heit ò sì ní í sọ ọ́ mọ́. Mo gbọ́. Fún bí oṣù kan mo ní bàbá, o sì gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì dárí ìyẹn jì ẹ́, mi ò sì mọ ìgbà tí n óò dárí rẹ̀ jì ẹ́. O ì bá ti dákẹ́ bí Mem ṣe wí. Àmọ́ ká ní o dákẹ́ ni, tí mo sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà, ǹ bá pa ẹ́.

Mo ra kásẹ́ẹ̀tì yín ní ìlú, mo fi í sínú mọ́tò, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì pa á. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìgbà wo ni Heit bìkítà nípa bàtà mi tó dọ̀tí? Ìwọ lo máa ń bá mi nù ún kí Mem tó rí i. Wọ́n kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, lẹ́tà wẹ́wẹ́wẹ́. Mo fi han Bàbá Tseard, mo ní, "Irọ́ ni mo pa fún yín. Àbúrò mi ló kọ ọ́."

Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an? Èmi dúró níwájú, mò ń retí kí ẹnì kan dá mi dúró. Ìwọ dúró lẹ́yìn, o gbé bàtà dání, ò ń retí kí n kọjá. Ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín wa! Kí ló dé tí o ò sáré yí ilé po? Kí ló dé tí èmi náà ò pariwo orúkọ rẹ? Ṣé igi ni Ọlọ́run fi ṣe ẹnu fún gbogbo wa nílé yẹn ni? Bí mo bá ń rò ó, inú á tún bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí n óò bínú sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ni bàálù mi yóò balẹ̀ ní Schiphol. Èmi nìkan ni mò ń bọ̀, Gosse á dúró ti àwọn màlúù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ jà lé lórí pọ̀, mi ò sì fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé mọ́. Wá fúnra rẹ. Bí o bá rí mi tí mò ń jáde bọ̀ láàárín èrò, má dúró sójú kan kí o máa retí mi. Sáré wá.

Baukje